Kí Ẹ Tó Bu Iyọ̀ Sẹ́nu

Ẹni tó wà nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹni tó wà nídìí ààrò, ẹ kú iṣẹ́ ọbẹ̀, ẹ ṣáà gbé rédíò jìnnà sí iná. Èmi náà rèé, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ ò tíì fẹ̀yìn tì.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo lọ síbi ìdána kan ní Ìjẹ̀bú. Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn alága ṣe máa ń ṣe. Ọkọ ìyàwó àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọlé, wọ́n tò gbọọrọ, alága ìjókòó ní kí wọ́n dọ̀bálẹ̀. Wọ́n dọ̀bálẹ̀. Ó ní èyí ò tó, òun ò gbọ́ kí àyà kan ilẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n tún dọ̀bálẹ̀. Ó ní ti bàbá nìyẹn, ti ìyá ńkọ́? Nígbà tí wọ́n máa dìde lẹ́ẹ̀kẹta, mo rí i tí ọkọ ìyàwó na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó ń wá ògiri nínú òkùnkùn. Fìlà rẹ̀ bọ́. Ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sì gbá a mú lábíyá kó tó balẹ̀.

Alága ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tutù. "Ẹ ò rí i bí ìfẹ́ ṣe ń pa á!" Gbogbo abẹ́ kánópì bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìyá kan tó jókòó lẹ́yìn mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bíípí rẹ̀ ló já wálẹ̀ yẹn. Ẹ fún un níyọ̀ kó tọ́ ọ lá." Kí n tó yíjú, iyọ̀ ti dé láti ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ti ń dáná, ẹ̀kúnwọ́ kan gbáko, nínú ìdérí kúlà.

Mo dìde, mo ní ẹ dákun, ẹ gbé iyọ̀ yẹn dúró ná, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí sùn sílẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé orí àga. A bọ́ agbádá aṣọ òkè kúrò lọ́rùn rẹ̀. Mo bi í pé kí ló jẹ láàárọ̀. Ó ní òun ń gbààwẹ̀ kí ọjọ́ náà lè yọrí sí rere, omi gan-an ò kan òun lẹ́nu láti alẹ́ àná. Aago kan ọ̀sán ti kọjá nígbà yẹn, oòrùn sì mú bí iná. Píọ̀ wọ́tà méjì àti ìsinmi díẹ̀ ló fi padà bọ̀ sípò, ó sì lọ mú ìyàwó rẹ̀.

Ìyá tó ní kí wọ́n gbé iyọ̀ wá bínú sí mi díẹ̀. Kò sì jẹ̀bi tán. Iyọ̀ wà lára ohun tí àwọn dókítà fi ń tọ́jú irú òòyì yẹn, òòyì tó máa ń kọ́ èèyàn bó bá ṣe dìde. Àmọ́ ta ni iyọ̀ ọ̀hún wà fún? Ta ni kò wà fún? Báwo la sì ṣe máa mọ̀ kí á tó bù ú sẹ́nu? Ohun tí mo bá wá lálẹ́ yìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo inú ara ná. Bí èèyàn bá wà ní ìdùbúlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú bí omi inú àwo pẹrẹsẹ. Kété tó bá dìde dúró, ẹ̀jẹ̀ á wá ilẹ̀ bí omi ṣe ń wá ilẹ̀. Ìdajì lítà sí lítà kan ló máa ń ṣàn lọ sí ẹsẹ̀ àti ikùn. Píọ̀ wọ́tà kan nìyẹn, ó lè tó méjì, tó fi òkè ara sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tá a bá fi ojú yẹn wò ó, ó yẹ kí gbogbo wa máa ṣubú láràárọ̀. Ohun tí kì í jẹ́ ká ṣubú ni pé Ẹlẹ́dàá fi àwọn ẹ̀ṣọ́ kan sínú iṣan ńlá tó gba ọrùn kọjá àti èyí tó jáde látinú ọkàn. Iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa ṣọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ti ara iṣan. Bí wọ́n bá rí i pé ó ń dẹ̀, wọ́n á ké sí ọpọlọ, ọpọlọ á pàṣẹ kí ọkàn sáré sí i, kí iṣan ẹsẹ̀ àti ti ikùn sún kì, kí ẹ̀jẹ̀ padà sókè. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni gbogbo rẹ̀. A kì í tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ tí nǹkan bá dí wọn lọ́wọ́ la máa ń mọ̀. Ojú á ṣú, etí á máa hó, orí á fúyẹ́ bí òwú, èèyàn á wá nǹkan dì mú. Nígbà míì, omi ló gbẹ lára: oòrùn, ààwẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru, ibà tó mú kéèyàn làágùn mọ́jú. Nígbà míì, àwọn ẹ̀ṣọ́ ló ń tòògbé, nítorí ọjọ́ orí, tàbí nítorí àtọ̀gbẹ tó ti ba àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn jẹ́, tàbí àrùn Parkinson, tàbí pé èèyàn ti pẹ́ lórí ibùsùn àìsàn. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, oògùn ló dè wọ́n lọ́wọ́: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn tó ń jẹ́ kéèyàn máa tọ̀ léraléra, oògùn prostate tí àwọn bàbá ń lò lálẹ́. Bàbá tó lo ìyẹn sùn, tí ìtọ̀ sì jí i láago méjì òru, tó fò dìde nínú òkùnkùn, ẹ mọ ibi tí wọ́n ti máa ń bá a láàárọ̀.

Níbo wá ni iyọ̀ ti wọ̀ ọ́? Iyọ̀ àti omi, wọn kì í fi ara wọn sílẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé láti dé iyọ̀ lásìkò òjò mọ̀ ọ́n: kílẹ̀ tó mọ́, iyọ̀ ti fa omi inú afẹ́fẹ́, ó ti rin gbindin. Ẹni tó bu iyọ̀ lé ekòló rí nígbà èwe náà mọ̀ ọ́n, ẹ má purọ́, gbogbo wa la ṣe é: omi ara ekòló ni iyọ̀ fà jáde. Bó ṣe rí nínú ara wa náà nìyẹn. Bí sódíọ̀mù tó wà nínú iyọ̀ bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, òǹgbẹ á gbẹ wá, a ó mu omi, kíndìnrín ò sì ní yára da omi náà nù sínú ìtọ̀. Omi inú ẹ̀jẹ̀ á wá pọ̀ sí i. Bí èèyàn bá dìde, tí ìdajì lítà bá tilẹ̀ lọ sẹ́sẹ̀, èyí tó ṣẹ́ kù lókè á tó ọpọlọ í lò.

Ẹ gbọ́ o, omi ló ń ṣiṣẹ́ yẹn. Iyọ̀ kàn dì í mú kó má lọ ni. Ẹni tó lá iyọ̀ tí kò mu omi, òǹgbẹ ló rà lọ́jà. Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n gbé iyọ̀ ọkọ ìyàwó yẹn dúró nìyẹn. Ẹni tí omi ti gbẹ lára rẹ̀, omi ló kọ́kọ́ ń wá.

Àwọn tó fi í ṣe ìwádìí náà rí i bẹ́ẹ̀. Ní 1996, El-Sayed àti Hainsworth tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ohun tí wọ́n rí lára àwọn èèyàn tó máa ń dákú tí ẹnikẹ́ni ò mọ ìdí rẹ̀. Wọ́n bù kún iyọ̀ tí àwọn aláìsàn náà ń jẹ, omi ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìdúró wọn sì pẹ́ sí i kí òòyì tó dé. Ní 2021, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Vanderbilt ní Amẹ́ríkà gbé èsì tiwọn jáde: wọ́n kó èèyàn 14 jọ tí ọkàn wọn máa ń sáré kọjá ààlà bí wọ́n bá dìde, wọ́n sì kó 13 tára wọn le mọ́ wọn. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi jẹ oúnjẹ tí iyọ̀ kún, ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi jẹ èyí tí iyọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú rẹ̀ rárá. Lásìkò iyọ̀, omi ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn náà lé, eré tí ọkàn wọn ń sá lórí ìdúró sì dín kù. Kò padà rí bíi ti àwọn tára wọn le o. Ó dín kù ni.

Ẹ máa wá ní, "Nọ́ọ̀sì, ó tán, kí la tún ń dúró dè? Ẹ gbé iyọ̀ wá." Ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa kan wà tó ń ṣì wá lọ́nà.

Nínú èdè wa, a ní ẹ̀jẹ̀ ríru, gbogbo èèyàn ló sì mọ̀ ọ́n. Òdìkejì rẹ̀ ò ní orúkọ tó dá dúró gedegbe. Nítorí náà, bí òòyì bá ṣe kọ́ èèyàn báyìí, ohun tí wọ́n á sọ fún un ni pé "ẹ̀jẹ̀ rẹ ò tó." Ẹ̀jẹ̀ tí kò tó, ọ̀tọ̀ ni. Ìyẹn ni pé ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ló dín kù, bóyá ibà ló jẹ ẹ́, bóyá nǹkan oṣù tó ń ya bí omi ni, bóyá aràn inú ni. Ìfúnpá, ìyẹn bíípí, tó já wálẹ̀, ọ̀tọ̀ nìyẹn náà. Ẹ wo tánkì omi tó wà lókè ilé yín. Ohun tó wà nínú tánkì jẹ́ ọ̀rọ̀ kan, bí omi ṣe ń tú jáde lẹ́nu ẹ̀rọ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tó lè ní ìfúnpá tó ga fíofío. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé, tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyìn ọ̀pẹ, ìfúnpá rẹ̀ lè máa já bó bá dìde. Àwọn méjèèjì ló máa ní òòyì ń kọ́ àwọn. Àwọn méjèèjì la sì máa ń fún ní máltì àti mílíìkì. N kò bá máltì àti mílíìkì jà, ó dùn, èmi náà máa ń mu ún, ṣùgbọ́n àwọn méjì yẹn ò lè jẹ́ oògùn kan náà láéláé.

Bí ẹ̀rọ ìfúnpá ò bá sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ ìfúnpá tí a fi wọ̀n ọ́n lórí ìdúró, ẹnikẹ́ni ò lè sọ èyí tó jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ níbí yìí. Ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì lé ní ọgbọ̀n, bí mo sì ṣe ń ṣe é ni ọ̀pọ̀ wa ń ṣe é: ẹ jókòó, ẹ ká ọwọ́ aṣọ sókè, ẹ má sọ̀rọ̀, fíì, fíì, fíì, ó tán, ẹlòmíì. Lórí ìjókòó. Èrò pọ̀ níta, ta ló ráyè ìdùbúlẹ̀? Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ń já bó bá dìde, iwájú mi ló máa ń gbà kọjá lọ, èmi á sì kọ ọ́ sínú káàdì rẹ̀ pé dáadáa ni.

Bó ṣe yẹ ká ṣe é rèé. Kí èèyàn dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó má tẹ fóònù, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Kó wá dìde dúró, kí ẹnì kan dúró tì í, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá fi 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, òun nìyẹn. Kí ẹ kọ iye tí ọkàn ń lù náà sílẹ̀, torí àwọn kan wà tí ìfúnpá wọn ò ní já, ọkàn wọn ló máa gba eré. Bó bá fi 30 lé sí i láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fi wà lórí ìdúró, tó jẹ́ pé ó ti ń ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan, dókítà á máa fura sí ohun tí wọ́n ń pè ní POTS. Lára àwọn ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún, 40 ni wọ́n ń wò. Àwọn obìnrin tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí ló pọ̀ jù nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n fi èèyàn méjì hàn yín.

Èkínní ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ẹni ọdún 68 ni, ó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tipẹ́. Lọ́dún tó kọjá, òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ láàárọ̀ kùtù bó bá ti fẹ́ dìde lọ ṣe àlùwàlá. Ó lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n lórí ìjókòó, wọ́n ní ó dáa. Aládùúgbò rẹ̀ kan ní ìfúnpá rẹ̀ ti wálẹ̀ jù, kó máa tọ́ iyọ̀ lá. Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ fún mi. Ó rọ iyọ̀ sínú ike kékeré kan, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí, àárọ̀ á lá, alẹ́ á lá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ tí mo bẹ̀ ẹ́ wò, bàtà rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí: ó ti tẹ ẹ̀yìn bàtà náà mọ́lẹ̀ nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, kò wọlé mọ́. Bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn mẹ́ta tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Mo ní kó dùbúlẹ̀. 178 lórí 96. Mo ní kó dìde. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, 146 lórí 84. Lẹ́yìn mẹ́ta, 140 lórí 82, ó sì ti di apá mi mú. Ìfúnpá rẹ̀ ga bó bá sùn, ó ń já bó bá dìde. Nọ́ńbà tí wọ́n rí lórí ìjókòó bọ́ sí àárín àwọn méjèèjì, ohun tó jẹ́ kó dà bíi pé kò sí wàhálà nìyẹn. Iyọ̀ tó ń lá kò dá jíjá yẹn dúró. Èyí tó ga ló tún ń gbé sókè. Dókítà tó rí i lẹ́yìn náà yí àkókò oògùn rẹ̀ padà, ó pààrọ̀ ọ̀kan, ó sì ní kí ike iyọ̀ kúrò ní yàrá. N kò ní dárúkọ oògùn kankan lórí afẹ́fẹ́ o, mo mọ̀ yín, ẹnì kan á lọ dá tirẹ̀ dúró lálẹ́ yìí.

Èkejì ni ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ládùúgbò wa, ẹni ọdún 22. Ibà líle kan ló ṣe é, láti ìgbà náà, kò lè dúró ti tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ mọ́. Bí wọ́n bá ń kọrin ìyìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí gbogbo èèyàn wà lórí ìdúró, àyà rẹ̀ á máa lù kìkìkì, ó di gbì! Ó ń dákú, ó ń jí, títí ó fi sú wọn. Wọ́n ní ayé ni. Wọ́n gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún un, ààwẹ̀ tí kò ní omi nínú, ara rẹ̀ sì tún burú sí i; ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń gbọ́ mi bọ̀ mọ ìdí rẹ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó pé. Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n, ọkàn rẹ̀ ń lù ní 74 lórí ìdùbúlẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ìdúró, 118. Ìfúnpá rẹ̀ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ mira. Mo kọ ọ́ sórí ìwé, mo ní kó gbé e lọ fún dókítà ọkàn. Dókítà náà yẹ̀ ẹ́ wò tinú-tẹ̀yìn, ó sì sọ ohun tí ìyá rẹ̀ rò pé àṣìsọ ni: kó máa jẹ iyọ̀ sí i.

Èèyàn méjì, òòyì kan náà, iyọ̀ kan náà. Ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ, èkejì fi í dúró.

Èló ni iyọ̀ ọ̀hún? Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má kọjá lóòjọ́ ni gíráàmù 5, ìyẹn bí ṣíbí ìpo-tíì kan tí a rẹ́ orí rẹ̀. Fún irú ọmọbìnrin yìí, tí kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn dókítà lè gbé e dé bíi gíráàmù 10, pẹ̀lú omi lítà 2 sí 3. Píọ̀ wọ́tà mẹ́rin sí mẹ́fà nìyẹn. Àpapọ̀ iyọ̀ ọjọ́ kan ni mo ń wí o, kì í ṣe àfikún lórí èyí tó ti wà nínú oúnjẹ. Mágí tí a jù sínú ọbẹ̀, iyọ̀ ló ju ìdajì rẹ̀ lọ. Búrẹ́dì ní iyọ̀. Indomie, ẹ ò tilẹ̀ gbọ́dọ̀ bi mí. Ẹni tó ti ń jẹ mágí mẹ́rin lójúmọ́ lè ti jẹ iyọ̀ dókítà tán láìmọ̀.

Mo fẹ́ràn bí ọmọbìnrin náà ṣe ń ṣe é. Láràárọ̀, á rẹ́ ṣíbí iyọ̀ tí dókítà kà fún un, á dà á sínú ọ̀rá wínníwínní kan, á di ọ̀rá náà, á so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpò ìránṣọ rẹ̀. Ohun tó bá jẹ, inú ọ̀rá yẹn ló ti ń bu iyọ̀ sí i: gàrí tó fi omi tútù àti ẹ̀pà mu, ẹyin bíbọ̀, iṣu sísun tó ń fi epo jẹ. Bí ọ̀rá bá ti gbẹ, ó tán fún ọjọ́ náà. Kò gbọ́dọ̀ bù ú sẹ́nu lásán, torí iyọ̀ lásán máa ń ru èèyàn nínú, ó sì lè mú un bì, omi tí à ń wá á tún bá èébì lọ. Ó tún gbọ́dọ̀ tètè jẹ ẹ́ tán kílẹ̀ tó ṣú, kí ìfúnpá má lọ gòkè nígbà tó bá wà lórí ibùsùn.

Ìfẹ́ tí a ní sí iyọ̀ ló ń jẹ́ kó ṣòro fún wa láti bẹ̀rù rẹ̀. A fi í ṣàdúrà fún ọmọ tuntun lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, a tọ́ ọ sí i lẹ́nu pé ayé rẹ̀ á dùn. Ohun tó bá wà nínú igbá àdúrà, ta ló máa rò pé ó lè pa èèyàn? Àmọ́ ẹ rántí 2014. Ebola wọ Èkó lóṣù Keje. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, fóònù ń dún lóru káàkiri ilẹ̀ yìí: ẹ dìde, ẹ fi omi iyọ̀ gbígbóná wẹ̀, ẹ mu nínú rẹ̀, kílẹ̀ tó mọ́ o! Wọ́n pe èmi náà, ọmọ àbúrò mi ló pè mí, ó ń sunkún. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lóṣù náà pé ó kéré tán, èèyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Kì í ṣe Ebola ló pa wọ́n.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́: ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò lágbára mọ́, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, aboyún, ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí ò kàn yín. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ, kí ẹ sì sọ fún wọn tààrà pé, "Ẹ dákun, ẹ wọ̀n mí lórí ìdùbúlẹ̀, kí ẹ tún wọ̀n mí lórí ìdúró." Bí nọ́ọ̀sì bá fajú ro, ẹ ní èmi ni mo rán yín.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò ná wa ní kọ́bọ̀, tí gbogbo wa lè ṣe. Ẹni tí òòyì ń kọ́ kó mu bí ìdajì lítà omi tútù kó tó dìde lórí ibùsùn, kó mu ún kíá, kì í ṣe fíntínfíntín. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ó máa ń ti ìfúnpá sókè fún ìgbà díẹ̀, àyàfi ẹni tí dókítà bá ti ní kó dín omi kù. Kó jókòó sí etí ibùsùn, kó máa ju àtẹ́lẹsẹ̀ sókè sódò. Bó bá wà lórí ìdúró tí ojú bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, kó gbé ẹsẹ̀ kọ́ra, kó fún itan mọ́ra wọn gírígírí, kó di ìkúùkù, tàbí kó kàn lóṣòó bí ẹni tó fẹ́ so okùn bàtà. Àmàlà tó ga bí òkè lọ́sàn-án máa ń pe ẹ̀jẹ̀ lọ síkùn, ẹ bù ú lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tí dókítà bá sọ fún pé ìfúnpá wọn ń ga bí wọ́n bá sùn, bíríkì tí a tì sábẹ́ ẹsẹ̀ ibùsùn níhà orí máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́.

Bí èèyàn bá sì dákú níbi tó jókòó sí láìsí àmì kankan ṣáájú, bó bá dákú lórí eré sísá, bí àyà bá ń dùn ún, bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá dúdú bí ọ̀dà, bí ẹnu rẹ̀ bá wọ́ tàbí tí apá kan ò lè gbéra, ẹ má wá iyọ̀, ẹ má wá omi, ẹ wá ọkọ̀.

Wọ́n ti ń ṣẹ́wọ́ sí mi látẹ̀yìn gíláàsì pé àkókò ti tán. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbọ́ ètò yìí, mo sì mọ̀ pé ó máa bá mi jà pé mo gbé ọ̀rọ̀ òun sórí afẹ́fẹ́. Ara rẹ̀ ti le báyìí. Láago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀, fóònù mi á dún. Bí mo bá gbé e, n kò ní gbọ́ "ẹ káàárọ̀" kankan, n kò ní gbọ́ "ṣé dáadáa ni." Á ní, "Mo ti jókòó o. Mo ti mu omi. Mo ń ju ẹsẹ̀. N kò tíì dìde." A ó jọ jókòó bẹ́ẹ̀, èmi létí ibùsùn tèmi, òun létí tirẹ̀, títí tí yóò fi ní, "Ó yá, mo ti nàró."